Ọwọ́ Àṣàkẹ́ Nínú Ẹ́ńjìn

Mẹkáníìkì mẹ́ta ló ti kọ mọ́tò náà sílẹ̀ kí Theophilus tó wọ́ ọ dé ṣọ́ọ̀bù Bàbá Àkàngbé ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Ẹni àkọ́kọ́ ní kó lọ tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ẹnì kejì ní àfi kí àwọn sọ ẹ́ńjìn rẹ̀ kalẹ̀ pátápátá. Ẹnì kẹta ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ọwọ́ há, ó bú mọ́tò, ó bú ẹni tó ṣe é, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Mọ́tò eré ni, onílẹ̀kùn méjì, pupa bí ata rodo, ó sì rẹlẹ̀ débi pé ewúrẹ́ lè fo orí rẹ̀ kọjá. Ẹ́ńjìn rẹ̀ kò sí níwájú bíi ti mọ́tò yòókù. Ẹ̀yìn ìjókòó ló wà, wọ́n há a mọ́bẹ̀ bí ẹja inú agolo.

Theophilus ń wo ọ̀tún wo òsì, ó ń wá ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀, nígbà tí obìnrin kan yọ lábẹ́ jíìpù kan. Aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀, ọ́ìlì sì ti kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Kí ló ń ṣe é?"

"Ẹ káàárọ̀ o. Ọ̀gá mẹkáníìkì ni mò ń wá."

"Ẹ ti rí i. Bàbá mi ló ni ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mò ń ṣe mọ́tò. Kí ló ń ṣe é?"

Ojú ti Theophilus. Tíṣà ìṣirò ni ní ilé ìwé girama kan ní Yaba, ojoojúmọ́ ló sì ń sọ fún àwọn ọmọbìnrin kíláàsì rẹ̀ pé kò sí iṣẹ́ tí wọn ò lè ṣe.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Ó máa ń ṣáná dáadáa. Àmọ́ tí mo bá ti ní kó sáré, á máa wúkọ́, á sì kú."

Obìnrin náà ní kó ṣáná sí i. Ó tẹ́tí, ó gbọ́ bó ṣe ń wúkọ́, ó sì ní kó pa á.

"Ebi ló ń pa á," ó wí. "Epo wà nínú táńkì, àmọ́ kò dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Fílítà tó ń sẹ́ epo ti dí." Ó ṣí ìdérí ẹ̀yìn, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ihò tóóró kan. "Ẹ wò ó nísàlẹ̀ yẹn, láàárín ẹ́ńjìn àti irin ẹ̀yìn ìjókòó. Ojú ò lè rí i tán. Ọwọ́ ọkùnrin ò sì lè débẹ̀."

Ó na ọwọ́ tirẹ̀ síta. Ọwọ́ náà kéré, ó gùn, àpá kan sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá láti àtàǹpàkò dé ọrùn ọwọ́. Theophilus wo àpá náà. Obìnrin náà rí i pé ó ń wò ó, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Àṣàkẹ́ lorúkọ mi," ó ní. "Ẹ padà wá lọ́la."

Ọ̀la kọ́ ló padà wá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ló padà wá, ó ní òun gbàgbé bírò òun sínú mọ́tò. Kò sí bírò kankan nínú mọ́tò náà, àwọn méjèèjì ló sì mọ̀.

Fílítà irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni Àṣàkẹ́ fi wá a lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò ní Mushin. Tí ilé ìwé bá ti jáde, Theophilus á sáré wá bá a, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀yà mọ́tò ju kó máa gbé báàgì tẹ̀ lé e lọ. Wọ́n á ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà, wọ́n á jẹ ẹ́ lórí ìrìn. Ẹ̀rín obìnrin náà kò yá, àmọ́ tó bá dé, á pẹ́ kó tó lọ. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ohun tó lè sọ láti mú un rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kejì, Àṣàkẹ́ bi í pé, "Kí ló dé tí ẹ ò tà á? Owó ìkẹ́ rẹ̀ á pọ̀ ju adùn rẹ̀ lọ."

Theophilus ká ìwé tí wọ́n fi wé bọ̀ọ̀lì mọ́ ọwọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín. Jude lorúkọ rẹ̀. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Òtò. Mọ́tò yìí wúkọ́, ó kú sí ẹnu géètì wa. Inú bí i, ó gun ọ̀kadà. Àwọn jàgùdà méjì dá wọn dúró, wọ́n ní kó mú fóònù wá. Ó ti ń mú un jáde lápò nígbà tí wọ́n yìnbọn lù ú lọ́rùn. Èmi ni mo lọ gbé e. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tán lára bàtà mi títí mo fi jó bàtà náà níná."

Àṣàkẹ́ dúró. Ó sún mọ́ ọn láàárín àwọn tó ń kígbe ọjà.

"Mọ̀mí mi ò lè wo mọ́tò náà," Theophilus ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Wọ́n ní mọ́tò ló pa Jude. Èmi kàn fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe é lọ́jọ́ yẹn. Tí mo bá fojú rí i, bóyá ọkàn mi á balẹ̀."

"Ẹ máa fojú rí i," Àṣàkẹ́ wí. Ó tún sọ pé, "Ohun tí kì í jẹ́ kí ọkàn tèmi balẹ̀ wà láàyè ní tiẹ̀. Ọkọ mi àtijọ́ ni."

Bámidélé ni wọ́n ń pè é. Ìdí irin àlòkù ló ti ń jẹun ní Mushin. Àṣàkẹ́ fẹ́ ẹ fún ọdún mẹ́rin. Lọ́dún àkọ́kọ́, ọkùnrin náà gbá a létí nítorí pé ọbẹ̀ kò ní iyọ̀. Lọ́dún kejì, ó fi ìgò ya ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, nítorí obìnrin náà rẹ́rìn-ín sí oníbàárà. Lọ́dún kẹrin, ó tì í láti orí àtẹ̀gùn, oyún oṣù márùn-ún sì bàjẹ́ lára rẹ̀. Láti ọsibítù ni Àṣàkẹ́ ti padà sílé bàbá rẹ̀. Kóòtù ti tú wọn ká, àmọ́ Bámidélé ní kóòtù kọ́ ló fẹ́ ẹ fún òun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti wá fọ́ nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ fún yín," Àṣàkẹ́ ní. "Kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ ń fi ẹsẹ̀ rìn sí."

"Mo ti gbọ́," Theophilus dáhùn. "Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀ yín nǹkan kan. Ẹ yé máa fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀. A ò jura wa lọ."

Obìnrin náà wò ó lójú fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ìwọ náà yé fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀ nígbà náà," ó ní.

Wọ́n rí fílítà náà lọ́sàn-án Jímọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Àṣàkẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó tú bátìrì kúrò, ó yọ àpótí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìn, ó gbé abọ́ sábẹ́ mọ́tò kí epo lè kán sínú rẹ̀. Nígbà náà ló tẹ̀ síwájú, ó ki apá ọ̀tún bọ ihò náà títí dé èjìká, ó sì fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ara irin. Kò rí nǹkan kan. Ìka ló fi ń wo ọ̀nà. Theophilus mú tọ́ọ̀ṣì dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Nọ́ọ̀tì òkè ti tú," obìnrin náà ń sọ fún un. "Tìsàlẹ̀ ti dógùn-ún. Àmọ́ ó ti ń mì. Dúró."

Epo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wálẹ̀ lára apá rẹ̀. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Bámidélé wọlé. Ó ga, ó sì gbé ọ̀pá irin kan dání.

"Wọ́n ní o ti rí ọkọ tuntun," ó wí.

Àṣàkẹ́ fẹ́ yọ apá rẹ̀, kò yọ. Etí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ti há sí irin kan nísàlẹ̀. Ó tún fà á. Kò yọ.

"Theophilus, máa lọ," ó ní, ohùn rẹ̀ rọra. "Gba ẹ̀yìn jáde."

Theophilus gbé tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Kò tíì bá ẹnikẹ́ni jà rí láti ìgbà tó ti wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó bọ́ sí àárín àwọn méjèèjì.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀," ó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pá irin náà ló dá a lóhùn. Orí ni Bámidélé fẹ́ nà án sí, Theophilus gbé apá òsì sókè, egungun sì kán. Gbogbo wọn ló gbọ́ ọ. Ó ṣubú lórí orúnkún. Bámidélé tún nà án lẹ́yìn, ó tún nà án ní ìhà, ó sì fi bàtà gbá a lẹ́nu títí eyín kan fi jáde. Síbẹ̀, Theophilus kò kúrò níbẹ̀. Ó ń rákò padà síwájú Àṣàkẹ́, bó ṣe ń tutọ́ ẹ̀jẹ̀.

Bámidélé wo obìnrin náà tó há sínú mọ́tò, ó wo epo tó ń kán sínú abọ́. Ó sọ ọ̀pá nù. Ó fa láítà yọ lápò.

"Ẹ máa jọ lọ," ó ní.

Ó ṣá láítà lẹ́ẹ̀kan, kò tàn. Kó tó ṣá a lẹ́ẹ̀kejì, Theophilus ti fò mọ́ ọn. Ẹnu ló fi jà. Ó bu ọwọ́ tó mú láítà jẹ, ó sì fi eyín dì í mú bí ajá, kò tú u sílẹ̀ bí Bámidélé ṣe ń fi ìkúùkù lu orí rẹ̀. Láítà bọ́ sórí iyanrìn.

Àṣàkẹ́ pa ojú dé, ó sì fi gbogbo agbára fa apá rẹ̀. Aṣọ ya, awọ bó láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó jáde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ àti epo, ó gbé òòlù, ó sì là á mọ́ èjìká Bámidélé. Ó tún gbé e sókè. Bámidélé ti wà nílẹ̀.

Tìrìmísíyù, wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ lódìkejì ojú títì, ló kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn rẹ̀, àdúgbò kún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu Bámidélé. Wọ́n fi igi lù ú, wọ́n fi bẹ́líìtì lù ú, ẹnì kan fi búlọ́ọ̀kù fọ́ ọ ní orúnkún. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan yí táyà wá, òmíràn sì gbé abọ́ epo lábẹ́ mọ́tò. Epo ti dà sórí Bámidélé kí Bàbá Àkàngbé tó ráyè wọ àárín wọn. Ẹni àádọ́rin ọdún ni. Ó jókòó lé ẹ̀yìn ọkùnrin náà, epo rin ṣòkòtò rẹ̀.

"Mo kórìíra rẹ̀ ju gbogbo yín lọ," bàbá náà ní. "Ẹ̀jẹ̀ ọmọ-ọmọ mi wà lọ́rùn rẹ̀. Àmọ́ ẹnì kankan ò ní sun èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹni tó bá fẹ́ ṣáná, kó ṣá a sí èmi náà."

Wọ́n dúró. Tìrìmísíyù gba táyà lọ́wọ́ wọn. Ọlọ́pàá wá gbé Bámidélé lọ.

Ní ọsibítù, ìyá Theophilus wọlé pẹ̀lú bíbélì lọ́wọ́. Màmá Ethel ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rí, ó sì ti fẹ̀yìn tì. Ó wo ọmọ rẹ̀ tí ojú rẹ̀ wú, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì di apá rẹ̀. Ó wo Àṣàkẹ́ tó jókòó lórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n fi báńdéèjì wé ọwọ́ rẹ̀.

Àṣàkẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, Mà."

"Ìwọ ni?"

"Èmi ni, Mà."

"Mo ti sin ọmọ kan," Màmá Ethel ní. Kò pariwo. "Mi ò ní sin èkejì. Ọlọ́run mọ̀ pé mi ò dá ọ lẹ́bi. Ẹni tó ń lépa rẹ ni mo ń bẹ̀rù. Ibi tí o bá wà ló máa wá. Jọ̀ọ́, má wà lọ́dọ̀ ọmọ mi."

"Mọ̀mí," Theophilus wí láàárín ètè tó wú, "ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀."

"Mo mọ̀," ìyá rẹ̀ dáhùn. "Jude náà fẹ́ràn mọ́tò."

Àṣàkẹ́ dìde, ó kí wọn, ó sì lọ.

Nílé, bàbá rẹ̀ kò bá a wí. "Òótọ́ ni obìnrin yẹn sọ," ó ní. "Èmi náà, tí mo bá ní ọmọ kan ṣoṣo tó kù, ohun tí màá sọ nìyẹn."

Theophilus pè é lórí fóònù títí, kò gbé e. Ó fi ohùn ránṣẹ́: "Àṣàkẹ́ mi, apá ló kán, ọkàn mi ò kán. Dá mi lóhùn." Àṣàkẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó sunkún lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò sì dáhùn. Ohun tó ṣe ni pé nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti jinná díẹ̀, ó tún ki í bọ inú ẹ́ńjìn náà. Àpá tuntun ń ta á, ó ń fi eyín di aṣọ mú. Ó yọ fílítà àtijọ́. Ó fi tuntun síbẹ̀, ó di nọ́ọ̀tì méjèèjì láìrí wọn, ó to gbogbo nǹkan padà, ó sì ṣáná. Ó ní kó sáré. Mọ́tò náà ké, kò wúkọ́.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, ní ọ̀sán ọjọ́ Wẹ́sìdeè, ó wa mọ́tò náà lọ sí ilé Theophilus ní Yaba láti dá a padà. Ó ti gbọ́ pé Theophilus máa wà ní ọsibítù lọ́jọ́ náà, pé wọ́n fẹ́ já sìmẹ́ńtì apá rẹ̀. Ìdí tó fi yan ọjọ́ náà nìyẹn. Ohun tí kò gbọ́ ni pé ẹbí Bámidélé ti gba bélì rẹ̀ níjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn.

Géètì wà ní ṣíṣí. Bí mọ́tò ṣe wọlé, Màmá Ethel sáré jáde láti kíṣìnì, ìyẹ̀fun èlùbọ́ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. "Jude," ó ní. Ìgbà tó rí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀, ó di ara ògiri mú.

"Ẹ má bínú, Mà," Àṣàkẹ́ wí. Ó kúnlẹ̀, ó na kọ́kọ́rọ́ sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ó mú irin róbótó kan jáde, tó fi ayùn là sí méjì. Inú rẹ̀ dúdú bí ẹrẹ̀ ojú gọ́tà. "Theophilus fẹ́ fojú rí ohun tó ń ṣe mọ́tò náà lọ́jọ́ yẹn. Òun rèé."

Màmá Ethel gbà á. Ó fi ìka kan inú rẹ̀.

"Ṣé nǹkan kékeré báyìí ni?"

"Òun ni, Mà. Ìdọ̀tí ni. Kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀."

Ìyá náà jókòó lórí àtẹ̀gùn, ó sì sunkún. Àṣàkẹ́ kò mọ̀ bóyá kí òun fọwọ́ kàn án. Ó jókòó sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"O ṣeun," Màmá Ethel wí níkẹyìn. "Ọmọ dáadáa ni ọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ mi ò tíì yí padà."

"Mo mọ̀, Mà." Àṣàkẹ́ dìde láti lọ.

Bámidélé ti wà lẹ́nu géètì. Ọ̀kadà ló fi tẹ̀ lé e láti Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Ó mú Àṣàkẹ́ ní irun, ó sì gbá orí rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn mọ́tò náà, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, títí gíláàsì fi fọ́. Ó tẹ́ ẹ sórí ìdérí ẹ́ńjìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì fún un lọ́rùn. Àṣàkẹ́ ń họ ojú rẹ̀, ó ń tàpá. Díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ.

Màmá Ethel wo àyíká. Ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń há géètì wà lára ògiri. Kò tíì gbé e nìkan rí. Theophilus ló máa ń gbé e. Ó gbé e. Ó na Bámidélé ní àárín ẹ̀yìn, ọkùnrin náà sì yí padà pẹ̀lú ìyàlẹ́nu. Ó nà án ní orúnkún tí búlọ́ọ̀kù ti bà jẹ́ tẹ́lẹ̀, orúnkún náà sì yí sódì. Bámidélé ṣubú, ó ń bẹ̀. Ìyá náà kò gbọ́. Ó na apá rẹ̀, ó na ìhà rẹ̀, ó na ọwọ́ tó fi fún obìnrin lọ́rùn títí ìka rẹ̀ fi fọ́. "Fún Jude," ó ń sọ lábẹ́ ẹ̀mí rẹ̀. "Fún Jude." Ó gbé irin náà sókè sí orí rẹ̀.

Àṣàkẹ́ ló dì mọ́ ọn lẹ́yìn. Ohùn kò tíì jáde dáadáa lọ́fun rẹ̀. "Mọ̀mí, ó tó. Ẹ má pa á. Ẹ jọ̀ọ́, Mọ̀mí."

Irin náà bọ́ sílẹ̀. Àwọn méjèèjì ṣubú jókòó láàárín gíláàsì tó fọ́.

Àwọn aládùúgbò ló pe ọlọ́pàá. Wọ́n gbé Bámidélé lọ sí ọsibítù, wọ́n sì kó àwọn obìnrin méjèèjì lọ sí àgọ́. Ọlọ́pàábìnrin kan tó ń jẹ́ Hadassah ṣí ìwé síwájú.

"Ta ló ṣe ọkùnrin yẹn báyẹn?"

"Èmi ni," Àṣàkẹ́ yára sọ. Ọrùn rẹ̀ ti wú, àmì ìka sì wà lára rẹ̀. "Èmi ni mo nà án. Ẹ jẹ́ kí Màmá máa lọ sílé. Àgbàlagbà ni wọ́n, wọn ò mọ nǹkan kan."

Hadassah bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.

"Pa á rẹ́," Màmá Ethel ní.

"Mà?"

"Pa ohun tí o kọ rẹ́. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ pé kí wọ́n má purọ́, kì í ṣe òní ni màá bẹ̀rẹ̀. Èmi Ethel ni mo nà án. Irin géètì mi ni. Ìgbà mélòó, mi ò kà á."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́," Àṣàkẹ́ bẹ̀ ẹ́.

"Dákẹ́," ìyá náà wí. Ó di ọwọ́ Àṣàkẹ́ mú lórí tábìlì, ìyẹ̀fun èlùbọ́ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ sì dà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀.

Hadassah wo àwọn méjèèjì. "Kí lẹ jẹ́ síra yín gan-an? Ìyá àtọmọ ni?"

Ìyá náà mí kanlẹ̀. "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkùnrin yẹn wọ ilé mi, ó fẹ́ pa ìyàwó ọmọ mi lójú mi, mo sì nà án. Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́."

Theophilus ti dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà yẹn. Láti ọsibítù ló ti sáré wá, apá rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já sìmẹ́ńtì lára rẹ̀ funfun, ó rù. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó lọ kúnlẹ̀ láàárín wọn, ó sì fi orí lé itan Àṣàkẹ́.

"O ò gbé fóònù mi," ó ní.

"Màá máa gbé e," Àṣàkẹ́ dáhùn.

Àwọn aládùúgbò jẹ́rìí, ọlọ́pàá ò sì fi ẹ̀sùn kan Màmá Ethel. Kóòtù rán Bámidélé lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́sàn-án.

Bàbá Àkàngbé ló wá kù. Màmá Ethel fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó lórí táyà kan.

"Ìyá Jude," bàbá náà ní, "ọmọ mi ti jìyà lọ́wọ́ ọkọ. Mi ò fẹ́ kó tún lọ jìyà lọ́wọ́ ìyá ọkọ. Ẹ ti lé e lọ lẹ́ẹ̀kan."

"Mo lé e," Màmá Ethel gbà. "Ẹ̀rù ló bà mí, Bàbá. Ẹni tẹ́rù ń bà kì í mọ ìwà hù. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Àmọ́ tí ẹnikẹ́ni bá tún wá, ọ̀dọ̀ èmi ni kó ti bẹ̀rẹ̀." Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Irin ti bó o, àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Bàbá Àkàngbé wo ọwọ́ náà pẹ́. "Ẹ ò jẹ́ ká wá omi tútù fún yín," ó ní, Màmá Ethel sì mọ̀ pé ó ti gbà.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì Màmá Ethel ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kejìlá. Èèyàn kò pọ̀. Tìrìmísíyù jókòó níwájú, ó sì sunkún ju ẹbí lọ.

Ọjọ́ tí Àṣàkẹ́ kó dé ilé ọkọ, ó fi sípánà ńlá kan sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Theophilus rí i, kò bi í léèrè. Nígbà mìíràn tó bá yí ara, irin náà á gún un létí, á rọra sún un kúrò, á sì tún sùn. Tí ọ̀kadà bá dúró lójú títì, ọwọ́ Àṣàkẹ́ á lọ sábẹ́ ìrọ̀rí kó tó lajú. Theophilus á máa sọ fún un pé, "Èmi ni, olólùfẹ́ mi. Àwa méjì la wà níbí," títí mímí rẹ̀ á fi rọlẹ̀.

Oṣù méje kọjá bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Theophilus ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ìrọ̀rí, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó lọ bá ìyàwó rẹ̀ ní kíṣìnì.

"Àṣàkẹ́ mi, sípánà dà?"

"Mo mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù lánàá. Nọ́ọ̀tì kan kọ̀ kò tú, òun nìkan ló bá a mu."

Theophilus dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. "Ṣé o máa mú un bọ̀?"

Àṣàkẹ́ ro ògì tó wà lórí iná yí po, ó sì sọ iná kalẹ̀.

"Rárá," ó ní. "Ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Jókòó, kí ògì rẹ má tutù."